Òjé Inú Àwo Bloor

Kí Jábésì Bloor tó di aṣòfin, kó tó di ẹni tó ní ààrò mẹ́fà tí ń tú èéfín sójú sánmà ìlú Tunley, ọmọ tí kò ní ìyá ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti sọ ilé ọtí di ilé, ó kàn ń yà wá síbi tí ọmọ rẹ̀ wà ni. Ìyá Kẹ́túrà, tí ògiri kan péré pààlà láàárín wọn, ló ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun. Ó ti bí márùn-ún, ó ní ibi tí ẹni márùn-ún bá ti ń jẹun, ebi kò lè pa ẹnì kẹfà kú níbẹ̀. Kẹ́túrà, tó fi ọdún mẹ́ta ju Jábésì lọ, ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń lù ú, ẹlòmíràn tó bá sì lù ú, òun náà ni yóò lọ bá onítọ̀hún jà.

Iṣẹ́ àwo nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Tunley. Wọ́n ń wa amọ̀, wọ́n ń pò ó, wọ́n ń mọ ọ́n, wọ́n ń sun ún, eruku rẹ̀ sì wà lára aṣọ títí dé inú búrẹ́dì. Kẹ́túrà àti Jábésì wọ iléeṣẹ́ kí eyín ọgbọ́n tó yọ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n orí Jábésì pé. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wo bí aago ṣe ń lọ, bí àwo ṣe ń dán lòun ń wò. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó gba ààrò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Nígbà tó pé ogójì, ààrò ti di mẹ́fà, òṣìṣẹ́ ti di ọ̀ọ́dúnrún, àwo Bloor sì ti wà lórí tábìlì àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti dé Kánádà. Ìyàwó tó fẹ́ kò bímọ fún un, kò sì pẹ́ láyé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, iṣẹ́ ni Jábésì gbé níyàwó.

Ohun tó mú àwo rẹ̀ yàtọ̀ ni dídán. O lè wo ojú rẹ nínú rẹ̀ kí o sì fá irùngbọ̀n. Òjé ló ń mú un dán bẹ́ẹ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi títí yóò fi dà bí wàrà, àwọn obìnrin á wá máa ri àwo bọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e lọ sínú iná. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi yàrá náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní yàrá ìrìbọmi. Owó iṣẹ́ ibẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ìdí tó fi jù ú lọ. Obìnrin tó bá pẹ́ níbẹ̀, ojú rẹ̀ á funfun bí amọ̀, inú á máa lọ́ ọ, oyún kì í dúró lára rẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Wọn kàn kì í sọ ọ́ ni.

Ní ọdún 1906, wọ́n dìbò yan Jábésì sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àwọn ọkùnrin Tunley tú ẹṣin kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà á yí ìlú ká. Kẹ́túrà, tó ti di opó nígbà náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù nídìí.

"Jábésì!" ó pariwo. "Di àga yẹn mú dáadáa, kí o má baà ṣubú lójú àwọn ọlọ́lá o!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dìbò fún mi?" Jábésì náà pariwo padà, ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀.

"Ta ló ń fún obìnrin ní ìbò? Ẹnu nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, mo sì ti lò ó!"

Gbogbo òpópónà rẹ́rìn-ín. Jábésì kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejì, Kẹ́túrà gun òkè lọ sí ilé ńlá tí Jábésì kọ́. Kì í sábà lọ síbẹ̀. Ó ní àwọn kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ òun mì. Kò jókòó.

"Ọ̀rọ̀ Lọ́ìsì ni mo bá wá," ó ní.

Lọ́ìsì ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó wà ní ilé ọkọ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, Réúbẹ́nì, ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà láti wá iṣẹ́. Yàrá ìrìbọmi ni Lọ́ìsì ti ń ṣiṣẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó lọ, ó sì dúró síbẹ̀ kó lè tètè tọ́jú owó ọkọ̀ tí yóò fi bá a lọ.

"Kí ló ṣe é?" Jábésì bèèrè.

"Oyún méjì ti wálẹ̀ lára rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó lọ. Àná, mo ní kó ṣí ẹnu, mo rí ilà dúdú bí aró lẹ́bàá eyín rẹ̀, àmì òjé. O mọ ilà yẹn. Ìwọ náà ti rí i lẹ́nu àwọn èèyàn."

"Ṣé dókítà iléeṣẹ́ kò rí i ni?"

"Dókítà tó ń yẹ ogójì obìnrin wò kó tó mu ife tíì kan tán? Jábésì, mi ò tíì bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan rí láti ọjọ́ tí o ti di èèyàn ńlá. Yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀. Fi í sí ibi tí wọ́n ti ń ya òdòdó sára àwo. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ búrọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kò tó ẹ̀bẹ̀. Lọ́la ni. Ó ti parí."

Ó sì sọ fún alábòójútó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì lóòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni Gríńdì ni orúkọ ọkùnrin náà, kò burú, kò dára, iṣẹ́ kó máa lọ ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Gríńdì bá a ní ibùdókọ̀ ojú irin, bí ó ṣe ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

"Ọ̀gá, ọmọbìnrin yẹn ní òun kò lọ. Ó ní owó àwọn tó ń ya òdòdó kéré, pé oṣù mẹ́ta péré ló kù kóun rí owó ọkọ̀ kó. Ó tiẹ̀ ní kí n bá òun kí yín."

Ọkọ̀ ti ń fun fèrè. Ẹsẹ̀ Jábésì kan ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ó lè sọ pé kí Gríńdì fún un ní owó kan náà ní ibi òdòdó. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni. Lẹ́yìn náà, ó máa ń dá sọ ọ̀rọ̀ náà fún ara rẹ̀ nígbà tó bá ń rìn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tó wí ni pé, "Ó dáa, tí mo bá dé, a ó yanjú rẹ̀."

Ohun tó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò kéré. Àwọn aṣòfin kan gbé àbá wá pé kí òfin gba òjé kúrò lọ́wọ́ àwọn alámọ̀ pátápátá. Àwọn oníléeṣẹ́ Tunley sì ti fi ẹnu kò pé Bloor ni kó sọ̀rọ̀ fún àwọn, nítorí ẹnu rẹ̀ mú, àti pé òṣìṣẹ́ lòun náà tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù Kẹta ni ó kan án, kò sì tíì padà sí Tunley. Ó dìde, ó mú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ó ní, "inú amọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àwọn obìnrin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Kì í ṣe òjé ni ọ̀tá wọn, àìbìkítà ni. Obìnrin tó bá fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun, tí kò fi èékánná ẹlẹ́gbin bu búrẹ́dì, òjé kò ní rí i gbé ṣe. Ẹ gba òjé lọ́wọ́ wa, àwọn ará Jámánì ni yóò máa ta àwo fún gbogbo ayé, àwọn obìnrin yín á sì fi ọwọ́ mímọ́ jókòó ti ebi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbá náà ṣubú. Ìwé ìròyìn tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde láìyọ ẹyọ kan.

Ọjọ́ kẹrin ìyẹn ni wáyà dé bá a, ó ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́. Gríńdì ló fi í ránṣẹ́: gìrì ti mú Lọ́ìsì lẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin tó kọ́kọ́ rí ló wọ̀. Ọ̀sán gangan ni ó dé ilé Kẹ́túrà, oòrùn sì wọ inú yàrá, ohun tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ ní Tunley. Wọ́n tẹ́ Lọ́ìsì sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rọ jọwọrọ, bí òdòdó tí òjò pa.

"Ta ló wọlé yẹn?" ọmọbìnrin náà bèèrè. "Màámi, ẹ ò ṣe tan iná? Ilẹ̀ mà ti ṣú."

Kẹ́túrà wo oòrùn tó tàn sórí aṣọ ìbora ọmọ rẹ̀. "Epo fìtílà ló tán," ó ní. "Jábésì ló wọlé."

"Háà, Ọ̀gá." Lọ́ìsì gbìyànjú láti dìde jókòó. "Ẹ má bínú sí Ọ̀gbẹ́ni Gríńdì o. Èmi ni mo kọ̀. Oṣù méjì péré ló kù."

Jábésì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà kò dì í padà. Ó ránṣẹ́ pe dókítà ńlá láti ìlú Báminghamù, ọkùnrin náà wá, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ síta, ó sì mi orí. Gìrì mú Lọ́ìsì lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó kú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti mu tíì tí wọ́n sì ti lọ, Kẹ́túrà ní kí Jábésì dúró. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú ìwé ìròyìn jáde lábẹ́ ìrọ̀rí àga, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka sí ibi kan.

"Ìwọ lo sọ èyí?"

Jábésì wò ó. "Èmi ni."

"Ọmọ mi ń fọ ọwọ́ rẹ̀, Jábésì."

Kò pariwo. Ì bá ṣe pé ó pariwo ni, ìbá sàn fún un.

"Ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo èékánná rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Bí ebi tiẹ̀ ń pa á kú lọ, kò ní fi ọwọ́ kan búrẹ́dì kó tó fọ̀ ọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ, bí mo ṣe kọ́ ìwọ náà. O wá dúró níwájú àwọn tí kò mọ̀ wá rí, o pè wá ní ẹlẹ́gbin kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo jẹ̀bi."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o jẹ̀bi. Jókòó." Ó gbé ìwé àti gègé síwájú rẹ̀. "Réúbẹ́nì kò tíì gbọ́. Ìwé gbọdọ̀ lọ bá a ní Kánádà. Ìwọ ni wàá kọ ọ́."

Jábésì ti kọ̀wé sí mínísítà rí, ó ti kọ̀wé sí àwọn ọmọ ọba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: Réúbẹ́nì ọ̀wọ́n, tẹ̀dùntẹ̀dùn ni mo fi ń sọ fún ọ pé Ọlọ́run ti pe aya rẹ.

Kẹ́túrà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ kà á. "Pa á rẹ́. Má ti Ọlọ́run sí i. Ọlọ́run kò ní iléeṣẹ́ àwo."

Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé àìsàn òjijì ló pa á.

"Òjijì bí? Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń wò ó tó ń kú. Kọ òjé."

Ó kọ òjé.

"Níbo ló ti rí òjé?"

Ó kọ ọ́ pé lẹ́nu iṣẹ́.

"Iṣẹ́ ta ni?"

Gègé dúró. Yíǹkì kán sórí ìwé. Jábésì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé iléeṣẹ́ mi ni, mo sì mọ̀ pé òjé náà ń pa á, ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí kí n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mi ò yọ ọ́. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Kẹ́túrà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì.

"Ó dáa báyìí," ó ní. "Máa lọ sílé. Má wá síbí mọ́."

Réúbẹ́nì kò dá èsì padà fún Jábésì. Ìyá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kọ̀wé sí, pé òun kò ní padà wá sí Tunley mọ́ láyé.

Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ tún jókòó, Jábésì dìde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ nínú oṣù Kẹta, irọ́ ni. Ó ní òun kò ṣèèṣì sọ ọ́, òun mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí òun ń pa á. Ó dárúkọ Lọ́ìsì, ó sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn kan wúkọ́. Àwọn kan ń wo aago. Aṣòfin kan láti ẹgbẹ́ rẹ̀ fà á létí níta, ó ní, "Bloor, ìbànújẹ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Lọ sí etí òkun, lọ sinmi." Wọn kò tún gbé àbá náà yẹ̀ wò.

Ó padà sílé, ó sì pàṣẹ pé òjé kò gbọdọ̀ wọ iléeṣẹ́ òun mọ́. Gríńdì bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi ìyẹ̀fun òkúta, ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ààrò, àwo á jáde ní pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú aláìsàn, tàbí kó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí yìnyín tí ẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn oníṣòwò dá ẹrù padà. Ààrò kan kú, èkejì kú. Kó tó di ìparí ọdún kejì, méjì péré ló kù tó ń rú èéfín, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti wà nílé, wọ́n ń sè èèpo ọ̀dùnkún jẹ.

Àwọn obìnrin tó fẹ́ gbà sílẹ̀ gan-an ló bá a jà. Ọ̀kan dúró dè é lẹ́nu géètì, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òjé ń pa wá díẹ̀díẹ̀," ó ní, "ìwọ wá fẹ́ fi ebi pa wá lẹ́ẹ̀kan náà! Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Òdodo ni obìnrin náà sọ, òdodo ti Jábésì náà kò sì ṣeé jẹ lóúnjẹ.

Nígbà ìdìbò oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1910, amọ̀ ni wọ́n ń jù lù ú lórí pèpéle. Ó fìdí rẹmi lọ́nà tí kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí ní Tunley. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ta iléeṣẹ́ fún ọkùnrin kan láti ìlú kejì. Òjé ni ẹni náà kọ́kọ́ kó wọlé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n tún ṣí yàrá ìrìbọmi, àwọn obìnrin ti tò síwájú géètì kí fèrè tó fun, gbogbo wọn ń bá ara wọn du àyè. Jábésì náà lọ. Ó dúró síwájú wọn láìdé fìlà, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n ro àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ogún ọdún lọ rọra fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ kúrò lọ́nà," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí n pẹ́."

Ó ta ilé orí òkè náà, ó gba yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lójoojúmọ́ ni ó ń rìn. Bí ó bá dé òpópónà Kẹ́túrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á falẹ̀, á tún yára kọjá. Ó tó ọdún méjì tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè kan, òjò ká a mọ́ ibẹ̀, ó sì dúró lábẹ́ rẹ̀, kò wá ibi tí yóò yà sí. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Òjò ń pa ọ́, o dúró bí ọ̀dá ẹran," Kẹ́túrà ní. "Wọlé."

Ó wọlé. Kẹ́túrà ti darúgbó, ó ti tẹ̀. Ó ju aṣọ ìnura lù ú, ó bu ọbẹ̀ ẹran àti ọ̀dùnkún sínú abọ́, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Mi ò dárí jì ọ́ o," ó ní. "Kí o má baà ṣìnà. Mo wá a nínú ara mi, mi ò rí i."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò wá a wá."

"Jẹun nígbà náà. O ti rù."

Ó jẹun. Nígbà tí òjò dá, ó lọ. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ń kọjá, ó rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló di àṣà. Ó ń bá a gbé èédú wọlé, Kẹ́túrà ń bu oúnjẹ fún un, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn tó kú ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rọ̀ eékún tó ń dun àwọn méjèèjì. Wọn kò dárúkọ Lọ́ìsì.

Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí Kẹ́túrà tó dárúkọ rẹ̀. Tíì ló ń dà lọ́wọ́. Láì wo ojú Jábésì, ó ní, "Lọ́ìsì kò mọ orin kọ. O mọ̀ bí? Ohùn rẹ̀ burú. Ọjọ́ kan wà tí olórí akọrin bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn máa la ẹnu, kó má kọrin. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà yẹn. Ó fi gbogbo ọjọ́ bínú, lálẹ́ ó ní òun dárí jì í, pé kì í ṣe ẹjọ́ olórí akọrin, etí ọkùnrin náà ni kò dáa."

Jábésì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́túrà jókòó dojú kọ ọ́. Ó jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó bí ọmọ náà, ó ń sọ ọ́ lọ, Jábésì gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ń gbọ́, tíì sì tutù sínú ife méjèèjì.